Ilé Tí Ẹni Méjì Kọ́ sí Aginjù

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó máa ń yà mí lẹ́nu. Aginjù ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ọdẹ bá pe aginjù, igbó kìjikìji ni ó ń sọ, níbi tí oòrùn kì í ti í kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá mú ọ̀rọ̀ yìí kan náà, wọ́n fi pe ilẹ̀ gbígbẹ tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi ogójì ọdún rìn kiri nínú rẹ̀. Ohun tí mo rò pé ó so méjèèjì pọ̀ ni pé kò sí ilé níbẹ̀. Ibi tí kò bá ti sí ilé, ìbáà jẹ́ igi ni ó kún ibẹ̀, ìbáà jẹ́ yanrìn, aginjù ni lójú wa.

Irú aginjù bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya kan tí mo mọ̀ ra ilẹ̀ sí ní 1986, lẹ́yìn Ìyànà Ìpájà. Yàrá kan ni wọ́n háyà ní Muṣin nígbà náà. Akọ̀wé ni ọkọ, ìyàwó sì ń ta àǹkárá ní ọjà Agége. Kì í ṣe pé kò sí ilé rárá ní agbègbè náà. Ilé ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Gowon pè wà níbẹ̀, ti Shagari náà wà níbẹ̀, èyí tí ìjọba Jákáńdè kọ́ sí Abẹ́sàn kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n igbó ni ó wà láàárín wọn. Ìyàwó sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí àwọn kọ́kọ́ débẹ̀, ewé kókò àti òkìtì ọ̀gán ni òun rí, òun sì bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun ń fi ẹsẹ̀ wọn pálọ̀ lórí koríko. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní 2006, iye tí wọ́n rí ní Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Wọ́n ní tiwọn jẹ́ 2,047,026. Èyí ó wù kí á mú, aginjù ti lọ.

Lámèyítọ́ ilé yìí ni mo fẹ́ ṣe. A ń ṣe lámèyítọ́ ewì, a ń ṣe ti eré-onítàn àti ti ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n a kì í ṣe ti ilé. Ọdún mọ́kànlá ni tọkọtaya yìí fi kọ́ tiwọn. Òǹkọ̀wé mélòó ni ó ń fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ sídìí ìwé kan? Ilé ni à ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n wíwò tí à ń wí yìí, a kì í wo ògiri mọ́ ọn.

Ojú ilé náà ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó wọlé sí jù. Òpó rìbìtì mẹ́rin ni ó wà níwájú. Bákónì kékeré kan ni wọ́n gbé dúró, èyí tí n kò rí ẹnikẹ́ni kí ó jókòó sí rí. Bíríkìlà tí ó mọ wọ́n ní iṣẹ́ òyìnbó ni. Kì í ṣe iṣẹ́ òyìnbó. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíílì padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n fi ọwọ́ iṣẹ́ yìí lé àwọn bíríkìlà wa lọ́wọ́. Ẹ lè rí i lára mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ẹ kò lè rí i lára Ilojo Bar mọ́, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1855 sí gbàgede Tinúbú. Ìjọba kà á mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní Sẹ́tẹ́ńbà 2016. Ohun tí à ń wó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ń hù ní Ìpájà láìmọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni òpó ń ṣe nílé Àgùdà: ibòòji ni wọ́n fi ń gbé dúró. Ní ilé tí mò ń wí yìí, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Mo sọ èyí fún ọkọ nígbà ayé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin ni òpó yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará Muṣin ni.” Èmi tí mo ń san owó ilé fún onílé nígbà náà kò tún rí nǹkan sọ.

Àléébù tí ó dùn mí jù ni pé ilé náà kò ní àgbàlá. Agbo ilé àtijọ́ yí ojú ọ̀run po ni. Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì yí i ká tí ènìyàn lè máa tẹ̀lé ibòòji kiri láti àárọ̀ di alẹ́. Nínú ilé yìí, búlọ́ọ̀kù àti páànù ló pàdé ara wọn, wọ́n sì fi kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ títí kan ìdí fẹ́ǹsì. Bí ó bá di ọ̀sán nínú oṣù kẹta, ẹ ó mọ̀ pé ẹni tí ó ṣán igbó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú aṣálẹ̀ wá.

N kò sì lè sọ pé kí wọ́n ti fi amọ̀ kọ́ ọ. Ní Íjíbítì, níbi tí aṣálẹ̀ gidi wà, Hassan Fathy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ abúlé Gourna tuntun ní 1945. Amọ̀ ni ó fi kọ́ ọ, pẹ̀lú àgbàlá àti òrùlé rìbìtì, kí ara lè tu àwọn tálákà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọ̀, wọn kò kó lọ. Oúnjẹ wọn wà ní abúlé àtijọ́, lórí ibojì àwọn ọlọ́lá ìgbàanì. Àti pé, lójú tèmi, àlá Fathy ni abúlé náà, kì í ṣe àlá tiwọn. Ṣé ẹni tí ó sá kúrò nínú ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀ ni n ó wá dá padà sí i?

Nítorí náà, mo fi ògiri sílẹ̀, mo lọ sí àpótí ìwé. Òfin 1978 ti kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, síbẹ̀ ẹbí méjì ni ó wá gba owó ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí. Wọ́n tún gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n gba owó òrùlé. (Ìgbà tí ìjọba Èkó fi máa ṣòfin tí ó de irú ìwà bẹ́ẹ̀ ní 2016, ilé ti gbó.) Gbogbo rìsíìtì wọ̀nyí wà nínú àpótí. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà nínú gbogbo wọn. Wúrà ìyàwó ni wọ́n tà fi ra símẹ́ǹtì ìpìlẹ̀. Èésú tí ó kó ní 1991 ni páànù. Oyún wà nínú rẹ̀ tí ó fi ń pọn omi kànga fún àwọn tí ń yọ búlọ́ọ̀kù. Bí ìwé ni, a ó sọ pé ẹni méjì ló kọ ọ́, ẹnì kan ló fi orúkọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ kú ní 2011, láìṣe ìwé ìpíngún. Ìdána ni wọ́n ṣe, wọn kò ṣègbéyàwó kóòtù. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní orílẹ̀-èdè nígbà náà ti sọ ọ́ ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole wá tẹ̀ lé e, lórí ogún ọkùnrin kan tí ó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe orí-ò-jorí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ìyàwó ni ìdí igi. Wọ́n ń ka ìyàwó kí wọ́n tó pín ogún, wọn kì í sì í pín fún un.

Ọmọ mẹ́ta ni obìnrin yìí bí, òun nìkan sì ni ìyàwó, nítorí náà kò sí ìjà. Àwọn ọmọ ló ni ilé, ó sì ń gbé nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá àwọn onílé. Mo sọ fún un pé kóòtù lè gbọ́ ọ bí ó bá fi hàn pé owó òun wà nínú rẹ̀. Ó bi mí pé, “Ta ni n ó pè lẹ́jọ́, ọmọ mi?” Rìsíìtì páànù ọdún 1991 kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ó dára jù nínú ilé náà kò sí nínú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀yìnkùnlé ni ó wà. Ní ọdún kejì tí wọ́n kó wọlé, ìyàwó ní kí wọ́n fọ́ kọnkéré ibẹ̀. Ó gbin ewúro àti igi máńgòrò kan, ó sì na àtíbàbà láti ara ògiri ilé ìdáná dé ìdí igi náà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ni àlejò ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ ọkọ sí kí wọ́n tó gbé e lọ sin. Kò sí ẹni tí ó kọ́ obìnrin yìí ní iṣẹ́ ilé yíyà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó sì kọ́.

Àkọ́bí wọn fẹ́ wó ibẹ̀ báyìí, kí ó kọ́ ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan mẹ́fà tí yóò máa fi gba owó. Mo ti sọ fún un pé n kò fara mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bíríkìlà ti gba owó ìṣaájú.