Ìgbàlà Dé, Ẹ̀rù Ń Bà Á: Lẹ́tà Àjàyí Crowther

Ní oṣù kejì ọdún 1837, ní Fourah Bay ní Sàró, Àjàyí Crowther kọ lẹ́tà gígùn kan sí akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fẹ́ mọ bí ó ṣe di ẹrú, ó sì rò ó fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a bá ń yin Crowther, Bíbélì àti ìwé gírámà rẹ̀ la máa ń kì. Lẹ́tà yìí kì í sábà sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú tiwa, ó ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rí ìgbàlà tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí lọ fíìfíì.

Ẹ ṣáà mọ bí ẹ̀rí ṣe máa ń lọ. Ẹni náà á gba maikírófóònù, á sọ ìyà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì (wọ́n á ti máa ṣẹ́wọ́ sí i pé kó yára), ó di Halelúyà. Ìyà ọ̀hún kò ju àkàbà tí a fi gòkè lọ. Àjàyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, ó pe ọjọ́ tí ogun kó Òṣoògùn ní 1821 ní ọjọ́ ibi, ó sì fi kún un pé wọ́n ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún. Ẹ tún un wò: wọ́n kọ́ ọ ni. Onígbàgbọ́ ni, kò sì ṣe àgàbàgebè, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ́ ọ pa ohun tí ojú rẹ̀ rí rẹ́.

Ojú rẹ̀ mà rí nǹkan o. Wọ́n ta okùn sí wọn lọ́rùn bí ewúrẹ́, òun àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin tí ọ̀kan ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í gba ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ni wọ́n bá dá a padà, wọ́n gba ọmọ. Kò bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ lọ ni. Níwájú, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí. Ó sọ ọ́ pé òun gbìyànjú láti pa ara òun lóru, pé ọkàn òun kò gbà á, ó sì bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì. Olùkọ́ ìjọ mélòó ló máa kọ irú èyí ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀?

Ìràpadà, kó tó di ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ogun àti ọjà ni. Ẹni tí ogun kó, ará ilé rẹ̀ á wá owó ẹyọ, á lọ rà á padà. Nígbà tí Crowther tẹ Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, àwọn tó ń gbọ́ ọ ní Abẹ́òkúta mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń náni. Àwa ti gbàgbé owó inú rẹ̀. Àjàyí alára, kò sẹ́ni tó rà á. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọkọ̀ àwọn Pọtogí tó gbé e, ní April 1822. Nínú ọkọ̀ ogun ọ̀hún, ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ àti ọta ìbọn ńlá tí wọ́n kó jọ, ó rò pé ẹran ara àti orí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ni. Ìgbàlà dé, ẹ̀rù ń bà á! Bí ẹni tí a gbà là ṣe máa ń rí nìyẹn, àwọn oníwàásù kì í sì í fẹ́ sọ ọ́.

Ìparí lẹ́tà náà kò tó wa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ti ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825, ṣùgbọ́n kò bi ẹni tó ṣí ọjà ẹrú náà sílẹ̀ títí ọmọ ọkùnrin fi di owó tábà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni lẹ́tà ń lọ, ó yé wa.

Ìyá rẹ̀ ṣì sọnù nígbà tó ń kọ ọ́. August 1846 ni wọ́n tó ríra ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún tó ju ogún lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àwọn kàn ń wo ara àwọn, ohùn kò jáde. Àfàlá ṣe ìrìbọmi ní 1848, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ohun tí òun rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún wa.