Ilé Là Á Wò: Èdè-Ìperí àti Iṣẹ́ Òǹlámèyítọ́ nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ọmọ kan èdè-ìperí lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí àwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ni àìní orúkọ fún ọ̀pọ̀ èrò ti ń yọ àwọn olùkọ́ lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá láti wá ojútùú sí i. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984; èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1990. Irú ìsapá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀rọ̀ bí àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti ìfohunpènìyàn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣòro kan tán sí ni òmíràn ti jẹyọ. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa há oríkì èdè-ìperí sórí, a máa wá ìlà ewì tí ó bá a mu, a sì gbà pé iṣẹ́ òǹlámèyítọ́ ti parí. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè ni èdè-ìperí kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí orúkọ kan ń dáhùn yóò ṣi orúkọ náà lò, bí ó tilẹ̀ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lórí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí yóò gbà fi èyí hàn: ẹ̀yà ewì, ọnà-èdè, àti ìyàtọ̀ láàrin òǹkọ̀wé àti asọ̀tàn.

2. Ẹ̀yà Ewì Alohùn

Wọ́n sábà máa ń to oríkì, ìjálá, ọfọ̀, ẹ̀sà, rárà, ẹkún ìyàwó àti ẹsẹ Ifá sórí ìlà kan náà lábẹ́ ewì alohùn, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Àṣìṣe ibẹ̀ yóò hàn sí ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ọdẹ níbi tí ó ti ń sun ìjálá. Oríkì orílẹ̀ wà nínú ohun tí ó ń sun, oríkì ẹranko wà níbẹ̀, òwe kò sì gbẹ́yìn. Oríkì orílẹ̀ kan náà tí ọdẹ fi ohùn ìjálá gbé jáde ni eléégún lè fi ohùn ẹ̀sà gbé jáde, òǹrárà náà sì lè fi ohùn rárà gbé e jáde níbi ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá wá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá oríkì ni tàbí ìjálá, kò sí ìdáhùn tí yóò yege, nítorí pé ìbéèrè ọ̀tọ̀ ni orúkọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Oríkì ń tọ́ka sí àkóónú àti ìhun. Ìjálá ń tọ́ka sí ohùn ìṣeré.

Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, la ọ̀nà fún ìwádìí lórí ewì alohùn. Ọlátúndé Ọlátúnjí wá fi ìdí ìyàtọ̀ yìí múlẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1984, nígbà tí ó ya oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, àlọ́ àpamọ̀ àti òwe sọ́tọ̀ kúrò lára ìjálá, rárà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ó jẹ́ pé ohùn ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ń ṣe díẹ̀ nínú lámèyítọ́ yìí kí ilé-ìwé tó dé. Kò sí ẹni tí ń sun òwe, kò sì sí ẹni tí ń pa ìjálá. Oríkì ni à ń kì. Àlọ́ àti òwe ni à ń pa. Ọfọ̀ ni à ń pè. Ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó ni à ń sun. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ‘sun’ ti kó àwọn kan tí ohùn jẹ lógún jọ. Òótọ́ ni pé atọ́nà yìí kò pé, nítorí pé pípè ni à ń pe ẹ̀sà bí a ti ń pe ọfọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn ni a fi ń dá ẹ̀sà mọ̀. Síbẹ̀, òǹlámèyítọ́ tí ó bá kọ etí ikún sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ti fi ẹ̀rí tí ó wà nílé sílẹ̀ lọ wá òmíràn lóko.

3. Ọnà-Èdè

Nínú ọnà-èdè, àfiwé tààrà ni ó dà bí ẹni pé ó rọrùn jù. Wọ́n ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó wá ‘bí’, ‘dà bí’ tàbí ‘jọ’. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta: ‘Bí Àlàó bá ga, yóò ká ọsàn’, ‘Àlàó ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀’, ‘Àlàó ga bí ọ̀pẹ’. ‘Bí’ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àkọ́kọ́ kò fi ohunkóhun wé nǹkan kan. Ti èkejì fi ènìyàn wé ènìyàn, ẹni tí ó bá sì ní ọ̀pá ìwọ̀n lè yẹ òótọ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta nìkan ni ọnà-èdè, nítorí pé ohun méjì tí ẹ̀yà wọn yàtọ̀ ni ó so pọ̀.

Nígbà tí akéwì bá sì sọ pé ‘Ọ̀pẹ ni Àlàó’, wọn a ní ó ti di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nítorí pé ‘bí’ ti kúrò níbẹ̀. Àlàyé yìí kò tó. Ohun tí ó yí padà ni iṣẹ́ tí olùgbọ́ yóò ṣe. Nínú àfiwé tààrà yẹn, akéwì ti sọ pé gíga ni òun ń wò. Nínú ẹlẹ́lọ̀ọ́, kò sọ. Ó lè jẹ́ gíga. Ó sì lè jẹ́ pé bí epo, ẹmu, ìgbálẹ̀ àti ekùrọ́ ti ń ti ara ọ̀pẹ wá ni Àlàó náà ṣe wúlò fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀ lé gbólóhùn náà ni yóò pinnu. Òǹlámèyítọ́ tí ó kàn kọ ‘àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́’ tí ó sì kọjá lọ kò tíì ka ìlà náà.

Ìfohunpènìyàn le ju èyí lọ. Bí akéwì bá ní ebi wọlé, ó sì fa àga jókòó, ìfohunpènìyàn ni. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan a máa fi orúkọ yìí pe àwọn iwin inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Agbákò tí ó bá Àkàrà-ògùn jà nínú igbó kì í ṣe èrò tí wọ́n dá aṣọ ènìyàn fún. Ẹ̀dá ìtàn ni. Ó ní ara, ó ní agbára, ìjà rẹ̀ sì lè pa ọdẹ. Ẹni tí ó bá pè é ní ìfohunpènìyàn ti sọ ayé tí ìtàn náà dá sílẹ̀ di àṣamọ̀ ọ̀rọ̀ lásán, láì mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

4. Òǹkọ̀wé àti Asọ̀tàn

Kò wá yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé èdè-ìperí tí ó bá ti òkèèrè wá ni ó ń dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ìyàtọ̀ láàrin òǹkọ̀wé àti asọ̀tàn kò sí lára ohun tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ fún ìtàn inú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn àròsọ Yorùbá kò ṣeé kà dáadáa láìsí i. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé-ìròyìn Akéde Èkó ní 1929. Ó di ìwé ní 1930. Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé-ìròyìn náà, ni ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí ó ń ṣàìsàn tí ó sì ń kábàámọ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí ìwé-ìròyìn náà lórí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, àwọn kan sì gbà pé ó wà láàyè ní tòótọ́.

Àwọn òǹkàwé náà kò gọ̀. Ohun tí Thomas fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ya Thomas sọ́tọ̀ kúrò lára Sẹ̀gilọlá kò lè béèrè ìdí tí ọkùnrin fi ya ohùn obìnrin lò láti bá obìnrin wí. Ìbéèrè yìí gan-an ni ó gbé ìwé náà dúró. Bákan náà, nínú ìwé Fágúnwà, akọ̀wé kan ni ó ń kọ ohun tí Àkàrà-ògùn ń rò fún un sílẹ̀. Asọ̀tàn méjì ni òǹkàwé ń bá pàdé kí ó tó kan Fágúnwà fúnra rẹ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan yóò ní kí a padà sí orúkọ ìbílẹ̀ nìkan. Àwọn mìíràn yóò ní kí a túmọ̀ gbogbo èyí tí ó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí tí ó wà lókè yìí kò gbe ẹnikẹ́ni nínú wọn. ‘Ìjálá’ jẹ́ ti ìbílẹ̀, a sì ń ṣì í lò. ‘Asọ̀tàn’ jẹ́ ti àgbélẹ̀rọ, ó sì ń la ọ̀nà. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdánwò ju ‘kí ni orúkọ èyí?’ lọ. Kí ó béèrè ohun tí ìlà náà yóò pàdánù bí wọ́n bá yọ ọnà-èdè náà kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn ti wo ilé kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ.