Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Òwe ìbániwí ni mo ka òwe yìí sí láti ìgbà èwe mi. Bí ìwà ọmọ kò bá bójú mu níta, àgbà á ní ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, olúkúlùkù á sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. N kò ronú kàn án rí pé òwe náà lè jẹ́ ìlànà fún ẹni tí ó ń ṣe lámèyítọ́. Kódà, òdìkejì rẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún: pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ orin, orin ni kí ó gbọ́, kí ó fi ilé olórin àti ìyàwó olórin sílẹ̀ fún àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olófòófó. Ilé kan ní ìlú New York ni ó jẹ́ kí n rí i pé ẹ̀kọ́ náà kò pé.

Ilé náà wà ní àdúgbò Corona, ní Queens, ní òpópónà 107. Louis Armstrong, afunfèrè tí gbogbo ayé mọ̀ sí Satchmo, àti Lucille ìyàwó rẹ̀ ni ó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé láti ọdún 1943. Inú ilé yìí ni Louis kú sí ní ọjọ́ kẹfà, oṣù keje, ọdún 1971. Lucille ń gbé ibẹ̀ nìṣó títí ọlọ́jọ́ fi dé bá òun náà ní ọdún 1983. Wọ́n ti ka ilé náà mọ́ àwọn ibi ìtàn pàtàkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1976, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí tọmọdé tàgbà lè wọ̀ ní ọdún 2003.

Nígbà tí mo dé iwájú ilé náà, mo rò pé mo ti ṣìnà. Ilé bíríkì tí kò tóbi ni, ó dúró láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láìyájú sí wọn. Bí kì í bá ṣe ti àkọlé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹni tí ó ń kọjá lọ lè rò pé olùkọ́ ilé-ìwé tàbí òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó ni ín.

Kí á tó wọlé, ó yẹ kí á mọ irú ẹni tí wọ́n ṣe ilé yìí lọ́ṣọ̀ọ́ fún. Ìlú New Orleans ni a bí Louis sí ní ọdún 1901, inú ìṣẹ́ ni ó sì bá ara rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un ní alẹ́ tí ọdún 1912 ń parí lọ, nítorí pé ó yìnbọn ní ìgboro. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí apá òbí kò ká ni wọ́n gbé e lọ, níbẹ̀ ni ó sì ti rí ẹni kọ́ ọ ní fèrè dáadáa. Nígbà tí ó di olókìkí, ojú ọ̀nà ni ó di ilé rẹ̀: ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ sì ti tú, kí ó tó fẹ́ Lucille Wilson, oníjó ní Cotton Club, ní ọdún 1942.

Lucille fúnra rẹ̀ sọ ìtàn Kérésìmesì kan lẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ ara wọn. Ẹnu àjò ni wọ́n wà. Ó ra igi Kérésìmesì kékeré kan, ó gbé e sí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì tan iná sí i lára. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ó fẹ́ pa iná náà, Louis kọ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wò ó bí ọmọdé, nítorí pé kò ní irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí ìlú mìíràn, ó ní kí wọ́n gbé igi náà dání. Àwa Yorùbá a máa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ta ni yóò wá pa òwe náà fún ẹni tí kò nílé tí yóò rè? Lójú tèmi, alẹ́ ọjọ́ náà ni Lucille rí ohun tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa fèrè Louis kò rí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí Louis wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òkèèrè, Lucille ra ilé ní Corona, àdúgbò tí òun fúnra rẹ̀ ti dàgbà. Louis kò tíì fojú kan ilé náà rí. Nígbà tí ó ti àjò dé, àdírẹ́sì ni ó fi lé awakọ̀ takisí lọ́wọ́. Ọkọ̀ dúró, Louis wo ilé náà, ó rò pé awakọ̀ ń bá òun ṣe àwàdà ni. Ìgbà tí Lucille yọjú lẹ́nu ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Ó sì ní kí awakọ̀ náà wọlé wá bá àwọn jẹun.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé awakọ̀ náà wọlé. Ilé ìdáná kọ́kọ́ gbà mí lójú. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe aró, kì í ṣe àwọ̀ ewé. Ó wà láàrin méjèèjì bí omi òkun tí oòrùn ń ràn sí. Gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ni ó ń dán. Ẹ̀rọ tí a fi ń lọ nǹkan, inú orí tábìlì ni wọ́n rì í mọ́. Ní balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, dígí bo ògiri, wúrà ni wọ́n sì fi bo ẹnu ẹ̀rọ omi. Ní òkè, bébà tí ó ń kọ mànà bíi fàdákà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá tọkọtaya.

Mo jẹ́wọ́ pé ṣekárími ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó wá sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn láti yàrá dé yàrá, ọ̀rọ̀ náà kò bá ohun tí mo ń rí mu mọ́. Ṣekárími kò lè ṣe kí ó má wá olùwòran. Ọ̀pọ̀ ọlọ́rọ̀ ìlú wa á ri òpó ńláńlá mọ́ ojú ilé, wọn á gbé ère kìnnìún sí ẹnu géètì, ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé á sì wà láìrẹ́, kí èéfín máa pa àwọn tí ń dáná níbẹ̀. Ní Corona, ìta ni ó tẹríba, inú ni ó wọ ẹ̀wù. Ibi tí ènìyàn ti ń wẹ̀, ibi tí ó ti ń sùn, ibi tí ó ti ń jẹun ni wọ́n kó ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún ni ọkùnrin tí ó ti sùn ní yàrá àlejò fún ìdajì ayé rẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá ń bèèrè pé ta ni oníṣẹ́ ọnà nínú ilé yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí fèrè dí wa létí. Lucille gba àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé láti ràn án lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń yàn, òun ni ó ń kọ̀, òun ni ó sì ń tún un ṣe láti ọdún dé ọdún. Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà Akirè, tí wọ́n sì ń fi ọnà sí i. A mọ orúkọ òrìṣà, a mọ orúkọ àwòrò. Mélòó nínú wa ni ó bèèrè orúkọ àwọn tí ó kun ògiri?

Louis náà ní yàrá tirẹ̀ ní òkè. Pákó ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Àwòrán Louis tí Tony Bennett, akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, yà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sì wà nínú ògiri. Bí Louis bá ti àjò dé, á jókòó ti àwọn ẹ̀rọ yìí, á máa gba orin sílẹ̀, á máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà á mú sáàsì àti téèpù ìlẹ̀wé, á gé àwòrán láti inú ìwé ìròyìn, láti inú lẹ́tà, láti inú fọ́tò, á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ara páálí tí ó ń kó téèpù sí. Irú páálí bẹ́ẹ̀ tí ó ṣe lọ́nà tó 500.

Ẹni tí ó bá mọ oríkì kò ní pẹ́ lójú páálí wọ̀nyí kí ó tó mọ ohun tí ó ń wò. Oríkì kì í tò bí ìtàn. Obìnrin ilé tí ó ń ki ènìyàn lè mú gbólóhùn kan láti inú ogun àtijọ́, kí ó mú òmíràn láti inú yẹ̀yẹ́ àdúgbò, kí ó tọ́ka sí àwọ̀ ara ìyá ẹni náà, kí ó sì gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìṣe àlàyé. Olùgbọ́ ni yóò so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Louis ṣe ń to ojú àwọn ọ̀rẹ́, ojú àwọn àgbà olórin àti ojú ara rẹ̀ sórí páálí kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń ṣe sí orin: ohùn orin tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ni yóò mú, yóò gé e, yóò tún un tò. Èmi tí mo ní kí a má wo ilé, inú ilé ni mo ti rí ọ̀nà tí orin náà fi ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, n kò ní fi ojú àlejò tí inú rẹ̀ dùn bo àléébù. Louis kò gba orin nìkan sílẹ̀. Ó gba àwàdà orí oúnjẹ, ó sì gba àríyànjiyàn tọkọtaya. Lónìí, àlejò lè dúró nínú yàrá kan kí ó sì gbọ́ ohùn onílé láti inú ẹ̀rọ. Ó wú mi lórí, ó sì kó ìtìjú bá mi díẹ̀, bí ẹni tí ó fetí sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Èkejì ni pé ilé náà mọ́ jù. Ilé tí wọ́n ti ń se ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì ti àwọn ará New Orleans, oúnjẹ tí Louis fẹ́ràn jù lọ, kò yẹ kí ó wà láìní òórùn ọbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó jù ọ̀ṣọ́ lọ. Nígbà ayé Louis, àwọn adúláwọ̀ kan, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ olórin, bú u pé ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù, pé òyìnbó ni ó ń rẹ́rìn-ín fún. Òótọ́ ni pé ní ọdún 1957, nígbà tí wọ́n dí àwọn ọmọ adúláwọ̀ lọ́nà ilé-ìwé ní Little Rock, ó bá Ààrẹ Eisenhower wí ní gbangba, ó sì kọ̀ láti bá ìjọba rìn ìrìn àjò orin lọ sí Soviet Union. Ṣùgbọ́n ohùn ọjọ́ kan ni èyí. Ilé Corona jẹ́ ẹ̀rí ọdún 28. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kó lọ sí ibi tí àwọn gbajúmọ̀ ń gbé. Kò lọ. Fọ́tò rẹ̀ wà níbi tí ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò. N kò sọ pé ilé dá ẹjọ́ náà tán. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò pe ilé wá jẹ́rìí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán.

Louis wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1960, ọdún òmìnira wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, àwọn ológun dáná sun ilé Fela Aníkúlápó-Kútì, Kalakuta, ní Lagos. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá náà sì kú ní ọdún 1978. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà kò ṣẹ níbẹ̀. Ilé tí Fela gbé kẹ́yìn ní Ìkejà ni ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2012, tí bàtà àti aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀ tí a ń wò. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ó fi ẹfun àti ọ̀dà kun ojú wọn fún orin rẹ̀ ńkọ́, àwọn tí ó fẹ́ 27 nínú wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1978? Àwa tí a ń kọ̀wé nípa Afrobeat, mélòó nínú wọn ni a lè dárúkọ?

Ní báyìí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lórí olórin kan, mo ṣì ń sọ fún un pé kí ó gbọ́ orin náà títí yóò fi há a sórí. Lẹ́yìn èyí, mo ní kí ó lọ bèèrè ẹni tí ó yan ọ̀dà ògiri ilé olórin náà, àti ẹni tí ó kó àwọn téèpù pa mọ́ nígbà tí olórin kú. Ní Corona, ẹnì kan náà ni. Ọdún méjìlá ni Lucille fi wà nínú ilé náà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, tí kò da páálí nù, tí kò ta fèrè. Òun ni ó sì ṣètò pé kí ilé náà di ti ìlú New York lẹ́yìn tí òun bá kú, kí ará ìta lè wọlé.