“A” tàbí “Wọ́n”? Ìhun “Ká Ní” Aláìdárúkọ Olùṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́ àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ sí Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni oríṣi gbólóhùn kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò lójoojúmọ́, tí àwa tí a kọ́ èdè náà ní ilé-ìwé sì mọ ìrísí rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmì méjì ni a fi ń dá a mọ̀. Èkíní ni pé ẹni tàbí ohun tí a ṣe nǹkan sí ni ó wà ní ipò olùwà. Èkejì ni pé ohun tí gbólóhùn náà ń sọ kò ṣẹlẹ̀, tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó rọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. A ó máa pe àmì kìíní ní ìhun afàbọ̀ṣolùwà, a ó sì máa pe èkejì ní ìhun “ká ní”. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) It would be appreciated if the door were kept shut.
(2) If I’d been told, I’d have come.
(3) The accident could have been avoided if the brakes had been checked.

Èrò wa ni pé àìdárúkọ olùṣe nínú irú gbólóhùn báyìí kì í ṣe àbùkù ìhun. Òun gan-an ni iṣẹ́ tí gbólóhùn náà wà fún. Bí a bá sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìbéèrè kan wà tí èdè wa máa ń bi ògbufọ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kò bi ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́: ǹjẹ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, àbí kò sí lára wọn?

2. Èrò àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú

Nínú Syntactic Structures (1957), òfin ìyídà ni Chomsky fi so gbólóhùn afàbọ̀ṣolùwà pọ̀ mọ́ gbólóhùn tí olùṣe ti jẹ́ olùwà. Ìdánrawò ilé-ìwé ti ń ṣe irú èyí tipẹ́: olùkọ́ a kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ a yí i padà, a sì fi olùṣe sí ìparí rẹ̀ pẹ̀lú “by”. Ṣùgbọ́n Quirk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú A Grammar of Contemporary English (1972) pé nǹkan bí mẹ́rin nínú gbólóhùn afàbọ̀ṣolùwà márùn-ún ni kì í ní olùṣe rárá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan nínú márùn-ún ni ìdánrawò náà ń kọ́ ọmọ.

George Orwell ní tirẹ̀, nínú àròkọ rẹ̀ ti ọdún 1946 lórí ìṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú pé kí wọ́n yẹra fún ìhun yìí níbi tí wọ́n bá ti lè lo èkejì rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ìmọ̀ràn náà fún ẹni tí ó ń ka ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí ará ilé àti ará ọjà fi ń sọ irú (2) láìsí pé wọ́n ń tan ẹnikẹ́ni jẹ.

3. Iṣẹ́ tí ìhun náà ń ṣe

Ẹ̀bẹ̀ ni (1). Ẹni tí ó yẹ kí ó ti ilẹ̀kùn kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ yóò dùn kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àṣẹ ni, ṣùgbọ́n a ti yọ aláṣẹ àti ẹni tí a pàṣẹ fún kúrò. Yorùbá kò nílò “ká ní” níbí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa máa ti ilẹ̀kùn yìí” ti tó. Ọ̀wọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ìhun gbé wọlé, “ẹ” àti “bá wa” ni àwa fi gbé e.

Ẹ̀dùn-ọkàn ni (2), òun ni ó sì súnmọ́ wa jù lọ. “Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, ǹ bá ti wá.” Ẹni tí ó ń sọ èyí lè máa wo ojú ẹni tí kò sọ fún un gan-an. Àwọn méjèèjì mọ ẹni tí “wọ́n” jẹ́, ṣùgbọ́n a kò na ìka sí i. Pípẹ́ ọ̀rọ̀ sọ ni, kì í ṣe irọ́. Ibí yìí ni ìmọ̀ràn Orwell kò ti bá ìlò ojoojúmọ́ mu: àìdárúkọ lè jẹ́ inú rere.

Ẹ̀bi ni (3), ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí iná jó ilé alájà púpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Grenfell Tower ní London, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ènìyàn 72 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ó sì sọ pé gbogbo ikú náà ni ó ṣeé dènà. Ká ní ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ náà dúró, ọ̀rọ̀ ì bá kù sí agbedeméjì. Ohun tí ó fún iṣẹ́ wọn ní ìwúwo ni pé wọ́n wá dárúkọ àwọn tí ó kùnà, láti orí àwọn ilé-iṣẹ́ dé orí ìjọba. Àyè tí ìhun afàbọ̀ṣolùwà fi sílẹ̀ ni wọ́n dí.

4. Ìṣòro ògbufọ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà túmọ̀ (3):

(4a) À bá ti dènà ìjàǹbá náà, ká ní a yẹ bíréèkì wò ni.
(4b) Wọn ì bá ti dènà ìjàǹbá náà, ká ní wọ́n yẹ bíréèkì wò ni.
(4d) Ìjàǹbá náà kì bá tí ṣẹlẹ̀, ká ní bíréèkì dára ni.

Nínú (4a), ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ti ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Nínú (4b), ó ti yọ ara rẹ̀. (4d) nìkan ni kò ní olùṣe, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó ná wa: yíyẹ̀wò ti pòórá, bíréèkì sì ti di ẹlẹ́bi. Ẹnìkan lè takò wá pé “a” inú (4a) kì í ṣe “àwa”, pé irú èyí tí ó wà nínú “a kì í” ni. A gbà bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá jẹ́ ọ̀kan pàtó, tí a mọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, olùgbọ́ yóò béèrè pé: “Ẹ̀yin àti ta ni?”

Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé “a” ni ìtumọ̀ tàbí “wọ́n” ni. Ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde ni yóò pinnu. Nígbà tí Keir Starmer, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba ní ọdún 2024 lórí ọ̀rọ̀ Grenfell, “à bá ti dènà rẹ̀” ni ìbá tọ̀nà lẹ́nu rẹ̀. Ògbufọ̀ tí ó bá fi “wọn ì bá” sí i lẹ́nu ti gba ẹ̀bi náà kúrò lórí rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni àṣà “láti ọwọ́” tí ó ti gbilẹ̀ nínú ìwé àti ìròyìn wa: “Ìjàǹbá náà ni à bá ti dènà láti ọwọ́ awakọ̀ náà.” Bí awakọ̀ bá ni olùṣe, kí ni “a” ń ṣe níbẹ̀? Olùṣe méjì ni gbólóhùn yìí ní, kò sì sí èyí tí ó dá ẹ̀bi lé ní ti gidi. “Awakọ̀ náà ì bá ti dènà ìjàǹbá náà” ni Yorùbá.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ni ìhun yìí ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́: ẹ̀bẹ̀, ẹ̀dùn-ọkàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Ìdánrawò tí ń yí gbólóhùn padà kò lè kọ́ ọmọ ní ọ̀kankan nínú wọn. Àbá wa ni pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún, kí ó tó béèrè ibi tí “by” wà. Ní ti ògbufọ̀, kí ó mọ̀ pé “a” àti “wọ́n” kì í ṣe ààrọ̀ ara wọn. Nígbàkígbà tí ó bá yan ọ̀kan, ó ti dá ẹjọ́.