Ẹ Ka Eré Kí Ẹ Tó Ka Ẹṣin

Orúkọ ẹṣin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré wò bí wọ́n bá ti ṣí ìwé ìròyìn eré. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n tẹ̀ wínníwínní sábẹ́ orúkọ eré náà ni mo máa ń kọ́kọ́ kà: pápá wo ni, mítà mélòó, ẹṣin ọlọ́dún mélòó ni wọ́n gbà láàyè, èló ni ẹṣin kan kò gbọdọ̀ tíì pa jù kó tó lè wọlé. Ẹni tó bá fo àwọn ìlà yẹn ti fo ìdajì iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ ni mo pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlùfáà wa ní tẹ́tẹ́ ni. Àwọn náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó tì wá láàárọ̀ ní Gonzagueville níbí, lójú ọ̀nà Grand-Bassam, yóò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà wà lápá kejì, bàálù tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí pápákọ̀ Félix Houphouët-Boigny ń ré kọjá lórí páànù wa. Níwájú kióòsìkì PMU, níbi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ẹṣin, àwọn àgbààgbà ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, bírò lọ́wọ́, ìwé ìròyìn lórí itan, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹsẹ̀ ẹṣin tó wà nílùú Paris. LONACI, ilé iṣẹ́ lọ́tìrì ìjọba Côte d'Ivoire tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Eré ilẹ̀ Faransé là ń ta lé lórí. Vincennes, Longchamp, Enghien, Chantilly, Deauville: àwọn orúkọ yìí yọ̀ lẹ́nu àwọn tí kò mọ ọ̀nà Yamoussoukro.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Èjìgbò bíi tèmi, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló fi ọ̀nà hàn mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, má wá ẹni tó máa borí. Wá àwọn tí kò lè borí lónìí, kí o fi bírò pa wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ́kù ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í rò." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣì ń lò.

Nílé, ní Nàìjíríà, Baba Ijebu, tẹ́tẹ́ nọ́ńbà, ni ọ̀pọ̀ ń ta. N kò bá wọn jà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tó jáde lánàá kò mọ̀ pé òun jáde lánàá. Nọ́ńbà kò ní bàbá, kò ní ìyá, ẹsẹ̀ kì í dùn ún, ẹrẹ̀ kì í fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ta á fi ń wá ẹni tó lálàá kiri. Ẹṣin ní ìtàn. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí àwọn ẹṣin trot tí wọ́n bí lọ́dún kan náà nílẹ̀ Faransé, lẹ́tà kan náà ni orúkọ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. B ni ti 2011, ibẹ̀ ni Bold Eagle ti wá. F ni ti 2015, Face Time Bourbon ń bẹ níbẹ̀. I ni ti 2018, ọdún Idao de Tillard. Kí n tó ka ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, mo ti mọ ẹni tó ṣì ń gbó sí i àti ẹni tó ti ń darúgbó.

Eré trot yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹṣin á máa fa kẹ̀kẹ́ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹni tó ń darí rẹ̀ á jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà. Ìgbà mìíràn wọ́n á gun ẹ̀yìn rẹ̀. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì gbọ́dọ̀ jọ gbéra, kí àwọn méjì yòókù tó tẹ̀ lé wọn. Bí ẹṣin bá bẹ́ sí eré àsápajúdé tí kò sì tètè padà, wọ́n á lé e, ì báà jẹ́ òun ló wà níwájú gbogbo wọn. Agbára nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní sùúrù nínú ẹsẹ̀.

Gbogbo èyí ni wọ́n kó sínú ohun tí àwọn Faransé ń pè ní musique, ìlà nọ́ńbà àti lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin. Apá òsì ni eré tó sá kẹ́yìn wà. 1a: ó gba ipò kìíní pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. 4m: ipò kẹrin, wọ́n gùn ún. Da: wọ́n lé e nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ já. 0: ẹ̀yìn ló bá wọn dé. Oríkì ẹṣin ni, oríkì tí kì í fi àbùkù pamọ́. Ẹ wo ẹṣin tí tirẹ̀ jẹ́ Da 1a Da Da 2a. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pa á rẹ́ kíá. Èmi á dúró, nítorí ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá já, kì í rẹ̀yìn ipò kejì. Ẹ wá wo òmíràn: 3a 4a 3a 5a 4a. Èyí kò ní borí, bóyá títí ayé, ṣùgbọ́n nínú Quinté tí a ti ń wá ẹṣin márùn-ún, òun ni òpó ilé. Àwọn ará kióòsìkì ń pè é ní base. Kí a fi ẹṣin àkọ́kọ́ yẹn ṣe base, àṣejù ni. Kí a yọ ọ́ kúrò pátápátá, àìmọ̀kan ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlà wínníwínní. Ká ní eré kan gba ẹṣin tí kò tíì pa ju 200,000 euro lọ. Ọ̀kan ti pa 197,000, òmíràn kò tíì pé 90,000. Àwọn méjèèjì á jọ dúró lójú ìlà, àmọ́ èyí tó ti pa 197,000 ti bá àwọn alágbára sá rí. Olùkọ́ rẹ̀ sì mọ̀ pé bó bá borí lónìí, ilẹ̀kùn irú eré yìí tì mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ń lọ láti ọ̀la. Ẹ rò ó wò: ta ló máa mú irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ wá ṣeré lásán? Kì í ṣe ẹṣin nìkan là ń kà, èrò ọkàn olùkọ́ rẹ̀ là ń kà, ìwé ìròyìn kì í sì í tẹ ìyẹn sí gbangba.

Nínú eré tí wọn kò fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀, owó tí ẹṣin ti pa ni wọ́n fi ń to nọ́ńbà: ẹni tó pa kéré jù ní ń gba 1. Aládùúgbò mi kan kì í fọwọ́ kan 15 tàbí 16, ó ní wọ́n jìnnà jù. Kò mọ̀ pé àwọn olówó inú wọn ló ń fi sílẹ̀ yẹn. Ibi tí ìdẹ wà ni pé nígbà mìíràn wọ́n á ti àwọn olówó náà sẹ́yìn ní mítà 25. Bí àwọn kan bá ń sá 2,850, àwọn yẹn á sá 2,875. Bí ọ̀nà bá gùn tí àwọn tó wà níwájú kò sì le, mítà 25 kò tó nǹkan. Nínú eré kúkúrú, ó ti tó pa ènìyàn lẹ́kún.

Bó bá jẹ́ mọ́tò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Mọ́tò náà ní apá gbọọrọ méjì, àwọn ẹṣin á máa sáré tẹ̀ lé e títí yóò fi fi wọ́n sílẹ̀. Ní Vincennes, mẹ́sàn-án ló ń dúró ní ìlà iwájú, àwọn yòókù á wà lẹ́yìn wọn. Mo máa ń fura sí 9, nítorí etí ìta ló wà, ilẹ̀ tó máa sá ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ti bàtà ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹṣin ń wọ irin lábẹ́ pátákò. Bí wọ́n bá bọ́ irin náà, ẹsẹ̀ á fúyẹ́, ìgbésẹ̀ á yá. Ìwé ìròyìn á kọ D4 bí wọ́n bá bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, DA bó bá jẹ́ ti iwájú, DP bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn. Kí ló dé tí wọn kì í bọ́ ọ lójoojúmọ́? Nítorí pátákò ń jẹ, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹṣin náà. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá bọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lónìí ń sọ ohun kan láìlanu. Mo máa ń kà á padà sẹ́yìn: ìgbà tó wà ní D4 kẹ́yìn, ipò kélòó ló gbà? Ẹ ó rí ẹṣin tó ń gba 0 léraléra pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ ọ nìkan ló máa ń wà láàárín mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn èrò ti gbàgbé rẹ̀ nígbà yẹn. Mo fẹ́ràn irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ gan-an.

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Vincennes, ti ẹ̀yìn ń wò ó láti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ń fi ti iwájú bo ara lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ó ń jẹ́ kó ná agbára rẹ̀ tán. Pápá ńlá ibẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tún wá ń gòkè kó tó dé kọ́nà ìkẹyìn, ẹni tó bá sì ṣe fọ́rífọ́rí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò jẹ gbèsè rẹ̀ lórí òkè. Ẹṣin tó mọ èyí ju gbogbo ẹṣin lọ ni Ourasi. Àwọn Faransé ń pè é ní ọba ọ̀lẹ, nítorí á máa rìn lẹ́yìn bí ẹni tí eré kò kàn, tí yóò wá ṣí kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ó gba Prix d'Amérique, eré trot tó tóbi jù ní Faransé, ní 1986, 1987 àti 1988. Ní 1989, Queila Gédé borí, òun ṣe ipò kẹta, àwọn kan ní ó ti tán. Ní 1990, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó padà wá gbà á. Kò tíì sí ẹṣin mìíràn tó gba eré náà nígbà mẹ́rin.

N kò ní pẹ́ lórí eré tí kì í ṣe trot. Ní Longchamp, Chantilly tàbí Deauville, ìwọ̀n ni mo ń wò: ẹṣin tó dára ni wọ́n ń di ẹrù lé, kí gbogbo wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá borí, wọ́n á fi kún ẹrù rẹ̀, nítorí náà kì í tún rọrùn nígbà kejì fún ẹṣin tó fi orí imú lásán borí. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀. Òjò lè máa rọ̀ lù wá ní Gonzagueville nínú oṣù kẹfà, kí ilẹ̀ Chantilly sì gbẹ kanrin, ẹ má fi òjò tiwa ṣe ìṣirò. Ti Auteuil, níbi tí wọ́n ti ń fo odi, mo máa ń fò ó dànù. Ẹṣin dáradára lè ṣubú níbẹ̀ nítorí pé òmíràn ṣubú níwájú rẹ̀, kò sì sí musique tó lè sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá parí gbogbo èyí kò tíì parí. Ọ̀nà tí Joseph Oller dá sílẹ̀ ní Paris ní ọ̀rúndún 19 ni PMU ń tọ̀: owó gbogbo wa ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ti ilé iṣẹ́ àti ti ìjọba, àwọn tó jẹ á pín ìyókù. Ara wa là ń bá ta. Ẹṣin tó dára jù, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó dára jù, owó rẹ̀ kò ní pọ̀. Orúkọ awakẹ̀kẹ́ tó ti borí Prix d'Amérique léraléra ti tó láti fa owó èrò sórí ẹṣin tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi ìkẹyìn kì í wá ṣe pé ta ló dára jù, bí kò ṣe pé ta ni àwọn ènìyàn kò kà dáadáa. Àti nítorí owó tí wọ́n ń yọ kí a tó pín, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fi PMU kọ́lé, ẹ bi í ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe.

Tiercé, ẹṣin mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ ní Enghien, lọ́jọ́ 22 oṣù kìíní 1954. Quinté+ dé ní 1989, òun ló sì sọ wá di oníṣirò. Bí ẹṣin 16 bá sá, ọ̀nà 4,368 ni márùn-ún lè gbà jáde láìka bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bí a bá ka bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ó di 524,160. Ẹni tó mú ẹṣin mẹ́fà ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Tó bá mú méje, ó di 21. Tó bá mú mẹ́jọ, 56. Ẹṣin kan tí ẹ fi kún un nítorí pé ọkàn yín kò balẹ̀, owó rẹ̀ nìyẹn. Bírò tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi pa wọ́n rẹ́ ló ń gbà wá lọ́wọ́ èyí.

Paris fi wákàtí kan ṣíwájú wa nígbà òtútù wọn, wákàtí méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà eré wọn máa ń bá wa lọ́sàn-án gangan. Ẹ má sáré san owó láàárọ̀ kùtùkùtù. Ẹ dúró kí ìròyìn bàtà àti ti ẹṣin tí wọ́n yọ jáde yọjú. Bí ẹ bá sì bá mi lórí bẹ́ńṣì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé nọ́ńbà wo ni mo mú. Ẹ bi mí ní irú eré tó wà nílẹ̀ lónìí, a ó jọ kà á.