Aina Onabolu àti Yíya Ènìyàn Alààyè

Ní ọdún 1906, Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi ọ̀dà olómi ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó. Ẹni ọdún 24 ni, kò sì tí ì wọ ilé ẹ̀kọ́ àwòrán kankan. Àwọn tí ń kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa kì í yé yin àwòrán yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé adúláwọ̀ lè ṣe ohun tí àwọn òyìnbó ìgbà náà wí pé kò lè ṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyìn náà fo àwọn kan dá. Nígbà tí Onabolu wà ní ọmọdé, inú ìwé òyìnbó ni ó ti ń da àwòrán kọ. Àwọn ẹni iyì Èkó tí wọ́n gbà kí ó ya àwọn ni wọ́n fún un ní ohun tí kò sí nínú ìwé, èyíinì ni ojú ènìyàn gan-an. Bí a bá ní kí a ka àwọn olùkọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 14 ni ó sì fi dúró lẹ́yìn èyí. Ní 1920 ni ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sì dé Académie Julian ní Paris, níbi tí yíya ènìyàn alààyè ti jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹni ọdún 38 ni kí ó tó rí ohun tí ó yẹ kí ọmọ ogún ọdún rí.

Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Èkó, kò sì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ sí i. Kenneth Murray dé ní 1927. Ṣùgbọ́n èrò ẹni tí ó dé yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀. Murray gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn ni kí àwọn ọmọ gbájú mọ́, kí ìlànà òyìnbó má baà ba ojú inú wọn jẹ́. Kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: ó jà fún ère àtijọ́ wa títí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó fi ṣí ní 1957. Síbẹ̀, ìfẹ́ irú èyí lè ti ilẹ̀kùn mọ́ni. Ben Enwonwu, ọmọ ẹ̀kọ́ Murray fúnra rẹ̀, ní láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Slade ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni ó sọ pé wíwo ara alààyè jẹ́ ti òyìnbó? Àwọn orí bàbà àti idẹ tí a hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ti dáhùn. Ẹni tí ó rọ wọ́n ti tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ènìyàn pẹ́. Agbẹ́gilére tí ó sì fi orí ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ère rẹ̀ mọ̀ dájú pé àgbàlagbà ga tó ìlọ́po méje orí rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ sọ orí di ńlá ni, nítorí iyì orí. Ẹni tí kò mọ òdiwọ̀n kò lè mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Àṣìṣe ni tirẹ̀ yóò jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo bí Twins Seven-Seven di olókìkí láìgba ọ̀nà yìí, nítorí pé ayé àlá àti ti iwin ni iṣẹ́ wọn ń wá. Ìyẹn kò sọ pé kí a fi í du ẹni tí ó nílò rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó nílò rẹ̀ lónìí ń ti inú fọ́tò orí fóònù da àwòrán kọ. Ọwọ́ wọn dá púpọ̀. Wọ́n ń fi èédú ya ẹ̀kán òógùn kọ̀ọ̀kan síwájú orí. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni kámẹ́rà ní. Kì í fi ẹsẹ̀ tí ó ru ìwúwo ara hàn yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn fara ti ilẹ̀, òjìji abẹ́ àgbọ̀n a sì di dúdú lásán. Ẹni tí ó jókòó ń mí, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń yí ọrùn. Ayàwòrán gbọ́dọ̀ yan ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Yíyàn yẹn ni fọ́tò ti ṣe tán kí ọ̀dọ́ tó mú pẹ́ńsù. Ibi tí Onabolu wà kí ó tó ya Ìyáàfin Savage ni wọ́n tún padà sí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ìhòòhò: ta ni yóò bọ́ra níwájú àwọn ọmọ? Kò di dandan. Ìbàdí abẹ́ ìró ṣì ń gbé ara, gèlè kò bo ọrùn, ọwọ́ ìyá àgbà kan sì tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí ẹgbẹ́ ayàwòrán kékeré nílò kò ju yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, àga, wákàtí méjì lọ́sẹ̀, àti owó ìjókòó pẹ̀lú owó ọkọ̀ fún bàbá tàbí ìyá tí ó gbà láti jókòó. Owó tí a ń ná sórí férémù fún ìpàtẹ kan ṣoṣo yóò ká a.