Ṣàngó àti Ọya: Ìpínyà Ọ̀nà Ìrá nínú Lítíréṣọ̀

1. Ìfáárà

Nínú àwọn tọkọtaya tí ìtàn Yorùbá kò gbàgbé, Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, àti Ọya aya rẹ̀ wà lára àwọn tí òkìkí wọn kàn jù. Kókó ìtàn náà kò fara sin. Ọ̀rọ̀ ọba àti ti àwọn ará ìlú dàrú; ó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ó dorí kọ ilẹ̀ Tápà níbi tí ìyá rẹ̀ ti wá; Ọya bá a lọ; àwọn méjèèjì pínyà lójú ọ̀nà; ọba pokùn so. Lẹ́yìn náà ni ọkọ di òrìṣà àrá, tí aya sì di òrìṣà ìjì àti odò.

Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kò fẹnu kò lé lórí ni ìpínyà náà. Ìdí wo ni Ọya fi dúró? Ìdáhùn tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan bá fún ìbéèrè yìí ni ó ń pinnu irú obìnrin tí Ọya yóò jẹ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé lítíréṣọ̀ ti lo agbára púpọ̀ lórí ikú ọba, kò sì ka ìrìn Ọya sí ìtàn tí ó dá dúró.

2. Ọya nínú ìwé Johnson

Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, parí The History of the Yorubas ní 1897. Ó kú ní 1901. Obadiah àbúrò rẹ̀ ni ó tún un kọ kí ó tó jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, Ọya nìkan ni ó láyà láti bá Ṣàngó lọ nínú gbogbo ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Ìrá, ìlú tí wọ́n ti bí i, àyà rẹ̀ já; bí ó sì ti gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti pokùn so ní Kòso, òun náà pa ara rẹ̀.

Òṣùwọ̀n méjì péré ni ìtàn yìí fi wọn Ọya: bí ó ṣe tẹ̀lé ọkọ jìnnà tó, àti bí ó ṣe bá a kú. Ìrá wá di ibi ìkùnà. Bẹ́ẹ̀, lójú Yorùbá, ilé baba ni ibi ìsádi obìnrin tí ilé ọkọ kò gbà mọ́. Dídalémoṣú kì í ṣe ọ̀nà ikú. Bí a bá fi ojú yìí wo Ìrá, ó lè jẹ́ pé ìpinnu ni ó dá Ọya dúró, kì í ṣe ojo. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ Johnson kò ṣe é fi dù ú: òun kan náà ni ó ṣàkọsílẹ̀ pé orúkọ Ọya ni odò ńlá náà ń jẹ́, àti pé ìjì tí ń fa igi tu, tí ń wó ilé, tirẹ̀ ni.

3. Ọya lórí ìtàgé

Òṣogbo ni Dúró Ládiípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So ní 1963. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ládiípọ̀, tí ó kú ní 1978, ni ó ń ṣe Ṣàngó. Abíọ́dún aya rẹ̀ ni ó ń ṣe Ọya. Nínú eré yìí, Ṣàngó fi ìbínú pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀, Ọya náà sì wá fi í sílẹ̀. Ìlọsíwájú gidi ni èyí lórí ìtàn Johnson, nítorí pé ìpínyà náà ti ní ìdí: ẹ̀jẹ̀ ará ìlú wà láàárín ọkọ àti aya. Ṣùgbọ́n ojú ọba ni òǹwòran fi ń wò ó. Àdánù tí ó kẹ́yìn fún Ṣàngó ni lílọ Ọya jẹ́. Ohun tí lílọ náà jẹ́ fún Ọya fúnra rẹ̀ kò di kókó eré.

Àkọlé eré náà sọ púpọ̀. Igbe àwọn tí ó fẹ́ràn ọba ni, tí wọ́n fi sẹ́ ikú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ké irú igbe bẹ́ẹ̀ nítorí Ọya. Ìdí kò jìnnà: ìjì ń jà, odò ń ṣàn, ẹ̀rí rẹ̀ kò nílò agbẹnusọ. Ó jọ pé ohun tí kò nílò àgbèjà yìí gan-an ni àwọn òǹkọ̀wé gbójú fò. Fíìmù tí Ọbáfẹ́mi Lásọ̀dé gbé jáde ní 1997 náà, Ṣàngó ni ó ń jẹ́.

4. Ọya lókè òkun

Àwọn Yorùbá tí òwò ẹrú kó dé Kúbà àti Bùràsíìlì gbé àwọn òrìṣà méjèèjì lọ, wọ́n sì fi àwọn ẹni mímọ́ Ìjọ Àgùdà bò wọ́n lórí. Barbara jẹ́ ẹni mímọ́ tí ìtàn rẹ̀ sọ pé mànàmáná pa baba tí ó bẹ́ ẹ lórí. Ní Kúbà, Ṣàngó ni wọ́n fi Barbara pè. Ní Bahia, Ọya ni, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã. Báyìí ni àwọn méjèèjì tí wọ́n pínyà lójú ọ̀nà Tápà ṣe pàdé lábẹ́ aṣọ kan ṣoṣo.

Dias Gomes lo èyí nínú eré rẹ̀, O Pagador de Promessas, ní 1960. Àgbẹ̀ kan jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Iansã nítorí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, ó ru àgbélébùú dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Barbara ní Salvador, àlùfáà sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ilé òrìṣà ni ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Fíìmù tí wọ́n fi eré náà ṣe gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní Cannes ní 1962. Lóòótọ́, Ọya kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn tí ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀; síbẹ̀, ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ fún un ni gbogbo àhunpọ̀ ìtàn rọ̀ mọ́, kò sì sí ọkọ tí ó ń tẹ̀lé.

5. Ìgúnlẹ̀

Ní Ìkòtún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgandò, bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìjì a máa mi páànù orí ilé kí àrá tó sán. Lójú àwọn olórìṣà, Ọya ni ó ń ṣíwájú ọkọ rẹ̀ yẹn. Johnson ní ó tẹ̀lé ọkọ, kò sì lè tẹ̀ lé e dópin. Ìgbàgbọ́ yìí ní òun ni aṣíwájú. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ tún ìtàn náà kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti Ìrá, kí ìròyìn Kòso wá bá Ọya nílé baba rẹ̀. Níbẹ̀ ni òǹkàwé yóò ti gbọ́ ìdí tí ó fi dúró láti ẹnu rẹ̀.